Kí ni átọ́ọ̀mù klorínì ń ṣe nínú bẹ́nsíìnì kí ó tó mú háídrójìn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀ kọ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹta mi rèé nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì níbí ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan sì jẹ yọ ní kíláàsì lọ́sẹ̀ yìí tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó pé bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ sí klorínì tí a dà pọ̀ mọ́ 2,3-dimethylbutane, mólékù tí kábọ́nù àti háídrójìn nìkan wà nínú rẹ̀, nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó máa jáde ni yóò ní klorínì lára kábọ́nù ìpẹ̀kun, nǹkan bí 40 yóò sì ní in lára kábọ́nù àárín. Ṣùgbọ́n bí a bá fi bẹ́nsíìnì púpọ̀ lú u, ọ̀rọ̀ yí padà: nǹkan bí 10 péré ló bọ́ sí ìpẹ̀kun, 90 sì bọ́ sí àárín. Bẹ́ẹ̀ bẹ́nsíìnì fúnra rẹ̀ kò sí nínú ohun tí a ń wá, bí a ṣe dà á sí i la fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a nígbà tí iṣẹ́ parí.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni pé sọ́fẹ́ǹtì, ìyẹn ohun olómi tí a fi ń yọ́ nǹkan, kì í dá sí ọ̀rọ̀. Ibi tí àwọn yòókù ti ń pàdé lásán ni. Báwo ló ṣe wá ń pinnu háídrójìn tí klorínì yóò mú? Olùkọ́ wa ní klorínì máa ń ṣe àsopọ̀ ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú bẹ́nsíìnì, àkókò sì tán kí ó tó ṣàlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí ó là mí lọ́yẹ.

Tísà Ìgbóǹnà kọ pé:

Ọmọ mi, o kú làákàyè. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní kẹ́mísírì, mo sì gbà pé bí a ṣe ń kọ orúkọ sọ́fẹ́ǹtì sórí ọfà nínú ìdọ́gba ló ń mú kí àwọn ọmọ rò pé kò sí lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí n mú un láti ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá la mólékù klorínì sí méjì, iṣẹ́ tó ń gba nǹkan bí 243 kílójúùlù fún mólù kan, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 7 ni yóò wà ní ìpele ìta átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹyọ kan kí ó pé. Agbára tó ń jáde nígbà tí átọ́ọ̀mù klorínì bá rí ẹyọ kan yìí gbà tó nǹkan bí 349 kílójúùlù fún mólù kan, kò sì sí èròjà mìíràn tó jù ú lọ nínú èyí, títí kan fluorine tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ṣe olórí. Wàyí o, wo bẹ́nsíìnì: òrùka kábọ́nù 6 ni, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 6 tẹ́ rẹrẹ sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kábọ́nù kankan kò sì lè sọ pé tòun nìkan ni wọ́n. Átọ́ọ̀mù tí ebi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń pa tó bẹ́ẹ̀ kò lè bọ́ sáàárín irú àwọn mólékù wọ̀nyí kí ó má fara tì wọ́n. Ó fara tì í, díẹ̀ nínú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù òrùka náà wọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà pọ̀ fún ìgbà kúkúrú. Èyí ni àsopọ̀ tí olùkọ́ yín ń sọ.

Glen Russell, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló tú ọ̀rọ̀ yìí síta lọ́dún 1957 àti 1958. Ohun tó ṣe kò ju pé ó wọn ohun tó jáde, ó sì ṣírò rẹ̀ fún háídrójìn kọ̀ọ̀kan. Nínú mólékù tí o dárúkọ yẹn, háídrójìn ìpẹ̀kun jẹ́ 12, ti àárín jẹ́ 2 péré. Láìsí bẹ́nsíìnì, háídrójìn àárín kan ń yára ju ti ìpẹ̀kun kan lọ ní ìlọ́po 4.2. Nígbà tí bẹ́nsíìnì tó mólù 4 nínú lítà kan, ó di ìlọ́po 20. Nígbà tó tó mólù 8, ó di 49. Fi ìwé ṣe é fúnra rẹ: 4.2 lọ́nà 2 jẹ́ 8.4, èyí tí ìwọ yóò gbé ka iwájú 12, ìpín àárín sì jẹ́ nǹkan bí 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Tún fi 49 ṣe é: 98 ka iwájú 12, ìpín àárín di 89. Iye tí olùkọ́ yín kọ sójú pátákó gan-an nìyẹn. Nínú carbon disulfide, sọ́fẹ́ǹtì mìíràn, bí ó bá pọ̀ dáadáa, ìlọ́po náà lé ní 200.

Ìdí tí klorínì fi wá di ẹni tó ń ṣa nǹkan yàn kò ṣòro. Ìsopọ̀ klorínì àti háídrójìn lágbára tó 431 kílójúùlù. Ìsopọ̀ háídrójìn ìpẹ̀kun pẹ̀lú kábọ́nù súnmọ́ 420, ti àárín sì súnmọ́ 400. Átọ́ọ̀mù klorínì tó dá wà yóò jèrè níbikíbi tó bá fọwọ́ kàn, nítorí náà èyí tó bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò mú. Ṣùgbọ́n èyí tó ti fara ti bẹ́nsíìnì dà bí ẹni tó ti rí àyè jókòó nínú ọkọ̀ ní Ọlá-Ìyá. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dìde nítorí ìpè kékeré, àfi bí ohun tí wọ́n pè é sí bá ju ìjókòó rẹ̀ lọ dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san agbára tí yóò fi kúrò lára òrùka, èrè orí háídrójìn ìpẹ̀kun sì wá kéré jù fún un.

Ọmọ Aláró kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà wa. Ìdílé aláró ni wọ́n bí mi sí, mo sì kàwé kẹ́mísírì kí n tó padà sídìí ìkòkò, nítorí náà mo ní ìfẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbọ́ àlàyé yín, mo sì rí i pé ìṣirò náà bára mu. Àmọ́ ìpín ohun tó jáde nìkan kò tó fi dá mi lójú pé ohun kan wà láàárín tí kò sí ẹni tó rí i. Kí ló dé tí a kò lè sọ pé bẹ́nsíìnì kàn yí ìwà inú olómi náà padà ni, bóyá ó jẹ́ kí ó ki sí i, tàbí kí iná mànàmáná inú àwọn mólékù rẹ̀ fa klorínì síbì kan? Lọ́dọ̀ àwa tí a ń rẹ aṣọ, a kì í gbà pé aró ti yí àfi bí a bá fi ojú rí àwọ̀ rẹ̀. Ta ló rí àwọ̀ àsopọ̀ yìí?

Tísà Ìgbóǹnà kọ pé:

Àbúrò mi, ó tọ́ kí o béèrè. Ìdáhùn sí apá kìíní wà nínú iṣẹ́ Russell fúnra rẹ̀, nítorí kò dúró lórí bẹ́nsíìnì nìkan. Ó dán àwọn ẹbí bẹ́nsíìnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà. Nitrobenzene ní ẹgbẹ́ nitro tó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lórí òrùka. Agbára káká ló fi yí nǹkan padà. Chlorobenzene yí i díẹ̀, kò tó bẹ́nsíìnì. Mesitylene, tí ẹgbẹ́ methyl 3 ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí òrùka rẹ̀, sì ṣe ju bẹ́nsíìnì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìfàmọ́ra iná inú mólékù ló ń ṣiṣẹ́ yìí, nitrobenzene ló yẹ kí ó ṣe jù, nítorí ó fi ọ̀nà jíjìn ju àwọn yòókù lọ nínú ìyẹn. Òdìkejì la rí. Ohun tó ń darí ọ̀rọ̀ náà ni bí òrùka ṣe lè yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó.

Ti àwọ̀, mo fi í sílẹ̀ fún Bàbá wa tó fẹ̀yìn tì nídìí fìsíìsì, bí wọ́n bá wà níbí.

Bàbá Onífìsíìsì kọ pé:

Mo wà níbí, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀, inú mi sì dùn sí i. Aláró, ọmọ mi, wọ́n rí àwọ̀ náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó wú mi lórí jù nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ní ìlú Cambridge, George Porter àti ọ̀gá rẹ̀, Ronald Norrish, ṣe ọgbọ́n kan. Wọ́n mú iná tó ń kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó lágbára púpọ̀, wọ́n fi la àwọn mólékù. Lẹ́yìn náà, kí àwọn àjákù tó parẹ́, iná kejì kọ mànà, wọ́n sì fi èyí wo àwọ̀ tí àwọn àjákù náà ń gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín iná méjèèjì ni wọ́n ń yí padà, débi pé wọ́n lè mọ ìgbà tí nǹkan dé àti ìgbà tó lọ. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Manfred Eigen ti Jámánì ló pín ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 1967. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n lò fún áyódìn, ìbátan klorínì, nínú bẹ́nsíìnì: iná là á sí átọ́ọ̀mù, ohun kan sì yọjú lójú ẹsẹ̀ tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní agbègbè 500 nánómítà (òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Áyódìn tó dá wà nínú hexane kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti klorínì ni Bühler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní apá ìparí àwọn ọdún 1960. Dípò ìmọ́lẹ̀, ọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré ni wọ́n rọ́ lu olómi tó ní klorínì nínú. Bí bẹ́nsíìnì bá wà níbẹ̀, àwọ̀ kan máa ń yọ tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní 490 nánómítà, ìyẹn apá tó wà láàárín àwọ̀ ojú ọ̀run àti àwọ̀ ewé. Ìwọ tí o mọ àwọ̀ yóò mọ̀ pé ohun tó bá gbé ìyẹn mì, pupa tàbí àwọ̀ ọsàn ni yóò fi hàn sí ojú wa, bí ojú wa bá yá tó láti rí i.

Ìmọ́lẹ̀ tó gbé mì yẹn pàápàá ní ìtumọ̀. Kì í ṣe ti klorínì, kì í sì í ṣe ti bẹ́nsíìnì. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe ni pé ó ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan pátá láti orí òrùka bọ́ sórí klorínì. Àwọ̀ náà kò lè wáyé láìsí àwọn méjèèjì níbi kan.

Apòògùn Ọlá-Ìyá kọ pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Mo fẹ́ fi ohun tí ojú lè rí kún un fún àwọn ọmọ, nítorí áyódìn jẹ́ ohun tí èmi ń fọwọ́ kàn nídìí iṣẹ́ mi.

Bí ẹ bá mú èépá áyódìn gbígbẹ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí ẹ jù ú sínú hexane, olómi náà yóò di àwọ̀ elésè àlùkò tó mọ́ gaara, bíi ti èéfín áyódìn gan-an. Ẹ ju irú èépá kan náà sínú ọtí ethanol, yóò di àwọ̀ ilẹ̀. Ó ń ta sójú. Ọmọ tó bá rí ife méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò bi yín pé ṣé áyódìn kan náà ni. Áyódìn kan náà ni. Nínú hexane, kò sí ẹni tó yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún un. Nínú ethanol, ọ́síjìn tó wà lára ọtí náà ń yọ̀ǹda tirẹ̀, àwọ̀ sì ṣí kúrò ní àyè rẹ̀.

Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má fi tíńṣọ̀ áyódìn tí à ń tà fún ojú ọgbẹ́ ṣe àfihàn yìí kí ẹ sì sọ pé ọtí nìkan ló sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n máa ń fi potassium iodide sínú rẹ̀ kí áyódìn lè yọ́ dáadáa, iodide yìí sì ń so mọ́ áyódìn di triiodide, tí òun náà ní àwọ̀ ilẹ̀ tirẹ̀. Ohun méjì ló wà nínú ìgò yẹn. Áyódìn gbígbẹ nìkan ló lè fi ọ̀rọ̀ sọ́fẹ́ǹtì hàn láìsí àdàlù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀ kọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Màmá, ẹ ṣeun, Bàbá. Ọlọ́run yóò fún yín ní okun sí i. Ìbéèrè méjì ló kù nínú mi. Èkíní: ohun tí Màmá fi hàn, mólékù áyódìn ni, ìyẹn átọ́ọ̀mù 2 tó ti di ara wọn mú. Ohun tí Tísà ń sọ, átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Èkejì: nígbà tí a bá ní ìgbà kúkúrú, báwo ló ṣe kúrú tó?

Bàbá Onífìsíìsì kọ pé:

Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti mólékù áyódìn, Benesi àti Hildebrand ló wọ̀n ọ́n lọ́dún 1949, nígbà tí wọ́n rí i pé áyódìn inú bẹ́nsíìnì ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní nǹkan bí 297 nánómítà, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá dá wà. Robert Mulliken ló wá ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣípòpadà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yọ̀ǹda sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà, òun sì ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 1966, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò ju èyí nìkan lọ. Àsopọ̀ ti mólékù yìí kì í kú; a lè gbé e sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò ṣì wà níbẹ̀, nítorí kò sí ìyípadà kẹ́míkà tó ń dúró dè é. Ti átọ́ọ̀mù yàtọ̀. Átọ́ọ̀mù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí kò ní ẹnìkejì, ó sì ń wá ẹnìkejì náà lójú méjèèjì. Bí ó ti di bẹ́nsíìnì mú, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì lè mú háídrójìn tàbí kí ó pàdé átọ́ọ̀mù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n padà di mólékù. Nítorí èyí ni àsopọ̀ rẹ̀ fi ń kú.

Ìgbà tó ń lò wà lọ́wọ́ ohun tó yí i ká. Nínú bẹ́nsíìnì tó pọ̀, átọ́ọ̀mù klorínì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yóò ti di àsopọ̀ kí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Àsopọ̀ náà wá lè wà fún ìgbà tó ju ìyẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po bí háídrójìn tó rọrùn láti mú kò bá sí nítòsí; bí irú háídrójìn bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò pẹ́.

Mo fẹ́ fi ẹ̀rí kan kún un tí kì í ṣe ti àwọ̀, nítorí èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Nínú afẹ́fẹ́, átọ́ọ̀mù áyódìn 2 tó bá forí gbárí kò lè dúró pọ̀ bí kò bá sí ẹnìkẹta tí yóò gba agbára tó pọ̀jù lọ́wọ́ wọn. Wọn yóò kàn tú ká padà ni. Gáàsì argon lè ṣe ẹnìkẹta yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi èéfín bẹ́nsíìnì rọ́pò rẹ̀, ìdàpọ̀ náà yára sí i ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, bí ooru bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyípadà kẹ́míkà ni ooru ń mú yára. Èyí tí ooru ń mú falẹ̀ ń sọ fún wa pé ohun ẹlẹgẹ́ kan wà lójú ọ̀nà tí ooru ń tú: áyódìn ti kọ́kọ́ so mọ́ bẹ́nsíìnì, átọ́ọ̀mù kejì wá bá a níbẹ̀, bẹ́nsíìnì sì gba agbára náà kúrò. Porter ló wà nídìí èyí náà.

Ọmọ Aláró kọ pé:

Bàbá, mo dúpẹ́, 490 nánómítà ti tó mi. Ohun tó kù fún mi ni ibi tí klorínì náà jókòó sí. Mo kà pé àwọn àgbà nínú ìmọ̀ yìí jà lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980: àwọn kan ní ó léfòó sórí òrùka, àwọn mìíràn ní ó ti so mọ́ kábọ́nù kan pátá. Ìyàtọ̀ wo nìyẹn ní?

Tísà Ìgbóǹnà kọ pé:

Ìyàtọ̀ ńlá ni. Bí klorínì bá so mọ́ kábọ́nù kan pátá, òrùka náà ti pàdánù ìwà bẹ́nsíìnì rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 5 tó kù nìkan ni yóò máa yí lórí kábọ́nù 5. Bí ó bá sì kàn fara tì í, òrùka ṣì wà bí ó ṣe wà, yóò sì rọrùn fún klorínì láti tún fi í sílẹ̀.

Philip Skell àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde lọ́dún 1983. Wọ́n rí i pé ìpín àárín sí ìpẹ̀kun kò dúró lórí ìwọ̀n bẹ́nsíìnì nìkan; ìwọ̀n 2,3-dimethylbutane fúnra rẹ̀ tún ń yí i. Wọ́n ní èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé klorínì tó dá wà àti èyí tó fara ti òrùka nìkan ló wà, nítorí náà wọ́n mú ẹnìkẹta wọlé, èyí tó ti so mọ́ kábọ́nù pátá, kí ó máa bá wọn mú háídrójìn. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Keith Ingold, Scaiano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Ottawa ní Kánádà dáhùn lọ́dún 1985. Wọn kò dúró lórí ohun tó jáde nìkan. Wọ́n fi lésà la ohun tó ń tú klorínì sílẹ̀, wọ́n sì ń wo àwọ̀ 490 nánómítà yẹn bí ó ṣe ń rẹ̀ sílẹ̀, ní ìwọ̀n bẹ́nsíìnì oríṣiríṣi àti ìwọ̀n alkane (ìyẹn irú mólékù bíi 2,3-dimethylbutane) oríṣiríṣi. Ohun tí wọ́n wọ̀n fi hàn pé klorínì tó dá wà àti èyí tó fara ti òrùka tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò sì sí ìdí láti pe ẹnìkẹta. Ìwọ̀n alkane ń yí ìpín náà nítorí pé nígbà tí alkane bá pọ̀, klorínì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrùka kan sílẹ̀, lè bá a pàdé kí ó tó tún rí òrùka mìíràn dì mú.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá lágbára tó láti ṣírò irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ pé fífara tì ni, ṣùgbọ́n pé klorínì kò jókòó sí àárín gbùngbùn òrùka bí a ti máa ń yà á sínú ìwé. Ó tẹ̀ sí apá kan, lókè kábọ́nù kan. Nítorí náà àwọn tó ní ó súnmọ́ kábọ́nù kan kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òtítọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò so mọ́ ọn pátá. Pyridine yàtọ̀: náítírójìn rẹ̀ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 tó yọ sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni klorínì ń lọ tààrà, ìsopọ̀ náà sì le ju ti bẹ́nsíìnì lọ.

Apòògùn Ọlá-Ìyá kọ pé:

Kí a má gbàgbé ìlera o. Bẹ́nsíìnì ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kankan máa ṣí ìgò rẹ̀ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè. Carbon tetrachloride, sọ́fẹ́ǹtì mìíràn, ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì wà lára ohun tí àdéhùn Montreal fòfin dè nítorí ibi tó ń ṣe fún ozone. Fún àfihàn áyódìn, hexane díẹ̀ àti ethanol ti tó, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kí iná má sì sí nítòsí. Bí kò bá sí hexane, àwọn kan máa ń lo kẹrosíìnì, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé mólékù onírú bẹ́nsíìnì wà nínú kẹrosíìnì pẹ̀lú, nítorí náà kò yẹ kí a fi í ṣe àpẹẹrẹ sọ́fẹ́ǹtì tí kì í yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀ kọ pé:

A ti gbọ́, Màmá. Tísà, mo rí i kà pé ìwọ̀n ìdúródéédéé àsopọ̀ klorínì àti bẹ́nsíìnì (ìyẹn iye tó ń fi hàn bí èyí tó so ṣe pọ̀ ju èyí tó dá wà lọ) tó nǹkan bí 200 fún mólù kan nínú lítà kan. Mo fi mólù 8 ṣe ìṣirò rẹ̀: 200 lọ́nà 8 jẹ́ 1600. Ìyẹn ni pé nínú nǹkan bí átọ́ọ̀mù 1600, ẹyọ kan péré ló dá wà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí bẹ́nsíìnì mólù 4 àti mólù 8 kò fi fún wa ní ìpín kan náà? Nínú méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo klorínì ló ti fara ti òrùka.

Tísà Ìgbóǹnà kọ pé:

Ìbéèrè yìí ni mo ti ń retí. Iye tó dá wà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan yẹn ń ṣiṣẹ́ ju àwọn tó fara tì lọ lọ́nà tó bùáyà. Klorínì tó dá wà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń mú háídrójìn ní gbogbo ìgbà tó bá ti bá mólékù alkane pàdé. Èyí tó wà lára òrùka ń lọ́ra gidigidi, pàápàá lórí háídrójìn ìpẹ̀kun. Nítorí náà, nínú háídrójìn ìpẹ̀kun tí wọ́n mú, apá tó pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ tó dá wà yẹn. Nígbà tí o bá sọ bẹ́nsíìnì di ìlọ́po 2, iye tó dá wà yóò di ìdajì, ìpín ìpẹ̀kun yóò sì dínkù sí i. Ìdí nìyẹn tí 20 fi di 49.

Bàbá Onífìsíìsì kọ pé:

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, Tísà, lórí èyí tí ẹ ń pè ní klorínì tó dá wà. Ìgbà tí lésà wá dé ìwọ̀n ìdá kan nínú tírílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, tí kò sì dúró síbẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí Ahmed Zewail, ọmọ Íjíbítì, là tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 1999, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo klorínì nínú àwọn sọ́fẹ́ǹtì tí a ti rò pé wọn kì í dá sí nǹkan. Fleming Crim àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Wisconsin la klorínì nínú carbon tetrachloride àti dichloromethane, wọ́n sì rí i pé níbẹ̀ pàápàá, ohun kan ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní agbègbè 330 nánómítà, tó fẹ̀ púpọ̀, tó sì jẹ́ ti klorínì àti mólékù sọ́fẹ́ǹtì tó kángun sí i. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń ṣí láti ara sọ́fẹ́ǹtì sí ara klorínì, bíi ti bẹ́nsíìnì, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ní agbára jù ú lọ ló ń gbà, nítorí àwọn sọ́fẹ́ǹtì yìí di ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn mú le ju bẹ́nsíìnì lọ. Wọ́n tilẹ̀ ń lo àwọ̀ yìí láti ka bí klorínì ṣe ń tán bí ó ti ń mú háídrójìn lára àwọn alkane tí wọ́n fi sí i.

Fún ìwọ, ọmọ mi ti Òkè-Baálẹ̀, bí o bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, mú ìwọ̀n agbára tí a fi ń yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kúrò lára sọ́fẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan: bẹ́nsíìnì, 9.24 eV (electron-volt, òṣùwọ̀n agbára), carbon disulfide, nǹkan bí 10.1, carbon tetrachloride, nǹkan bí 11.5. Gbé 490 nánómítà ti bẹ́nsíìnì àti 330 ti carbon tetrachloride ka iwájú wọn, yí méjèèjì padà sí eV, kí o sì wò bóyá ìlà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀ kọ pé:

Mo ti ṣe é, Bàbá. 490 nánómítà jẹ́ nǹkan bí 2.5 eV, 330 sì jẹ́ nǹkan bí 3.8. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1.3, ìyàtọ̀ agbára ìyọ-ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn sì jẹ́ 2.3 tàbí kí ó súnmọ́ ọn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, àmọ́ wọn kò bára dọ́gba. Ṣé bí klorínì ṣe súnmọ́ sọ́fẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sí ló fa èyí?

Bàbá Onífìsíìsì kọ pé:

Apá kan rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti ṣí, klorínì ti di oníná òdì, sọ́fẹ́ǹtì sì di ti rere. Bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó àti bí iná rere náà ṣe tàn ká ara mólékù sọ́fẹ́ǹtì tó ló ń pinnu bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn, ìfàmọ́ra yìí sì ń dín agbára tí ìmọ́lẹ̀ ní láti mú wá kù. Nínú bẹ́nsíìnì, àsopọ̀ ti wà kí ìmọ́lẹ̀ tó dé, nítorí náà o gbọ́dọ̀ ka agbára tí àsopọ̀ náà fi dúró mọ́ ọn pẹ̀lú. Mulliken kọ gbogbo èyí sínú ìdọ́gba kan ṣoṣo. Béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ yín ní kíláàsì tó ń bọ̀.